Ọjọ́ Àìkú tí ìbọn dún nínú igbó àgùnfọn Kouré: Ta ni à ń kà kẹ́yìn?

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn wa bá àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, sọ níbi ìpàdé wọn. A kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, àyàfi ibi tí a ti gé e kúrú díẹ̀.

   

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìròyìn àti ètò ààbò. Mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ètò ààbò kọjá agbára mi, èmi kì í ṣe sọ́jà. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́, òun náà ni mo fi ń jẹun. Nítorí náà, ọjọ́ Àìkú kan péré ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020, àti bí ìròyìn ọjọ́ náà ṣe dé etí wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mẹ́nu ba bí ọjọ́ Àìkú ṣe máa ń rí níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílùú yìí mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Niamey, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sì ń kóra jọ sí mọ́sálásí, ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ni ọ́fíìsì ń tì, tí àwọn ọmọ kì í lọ sílé ìwé. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá di ọ̀sán, ìlú á tú jáde. Àwọn kan á kó ọmọ wọn lọ sí Musée National Boubou Hama, níbi tí ọgbà ẹranko wà láàrin ìlú. Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé ìyókù igi Ténéré sí, igi àdádó inú aṣálẹ̀ tí mọ́tò akẹ́rù wó lulẹ̀ lọ́dún 1973. Ẹ ṣàánú mi, mi ò lè sọ ìtàn yẹn láì rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo aṣálẹ̀ tó lọ súà bẹ́ẹ̀, igi kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni dírẹ́bà rí kọlù.

Àwọn mìíràn á lọ sétí odò, Odò Ọya wa kan náà tó ń ṣàn gba ibí kọjá lọ sí Nàìjíríà. Wọ́n á jókòó síbi tí wọ́n ti lè máa wo afárá Kennedy, wọ́n á jẹ ẹja yíyan. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo erinmi. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á wà ní fada wọn lẹ́bàá ọ̀nà, ewé tíì kan náà ni wọ́n á máa sè lásètúnsè títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹni tó bá wá fẹ́ kúrò nígboro, tó ní mọ́tò tàbí tó lè háyà, Kouré ló máa ń ronú kàn.

Iṣẹ́ tó wà nídìí ìgbafẹ́

Kouré ò jìn. Bíi 60 kìlómítà ni láti ibí, lójú ọ̀nà Dosso. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Gaya bọ́ sí Malanville tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tó gba ilẹ̀ Benin délé, ẹ ti kọjá níbẹ̀ láìmọye ìgbà, bóyá ojú oorun lẹ wà nígbà tẹ́ ẹ kọjá.

Ibẹ̀ kì í ṣe ọgbà ẹranko bí èyí tó wà láàrin ìlú. Kò sí odi, kò sí wáyà. Àgùnfọn ibẹ̀ ń rìn láàrin oko jéró àti abúlé, kò sì sí kìnnìún níbẹ̀ mọ́ tó lè pa wọ́n jẹ. Àwọn ló ṣẹ́kù nínú irú àgùnfọn tó ti wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rí, láti Senegal títí dé apá Adágún Chad. Lọ́dún 1996, 49 péré ló kù nínú irú wọn láyé. Àwọn ọdẹ ti pa wọ́n, ọ̀dá ti pa wọ́n, oko sì ti gba ibi tí wọ́n ti ń jẹ̀. Ìjọba Niger wá fòfin de pípa wọn, àwọn ará abúlé náà sì gbà láti máa bá wọn gbé. Nígbà tó fi máa di 2020, wọ́n ti tó bíi 600. Lọ́dún 2018 wọ́n tiẹ̀ fi mọ́tò kó mẹ́jọ nínú wọn lọ sí Gadabedji, ní àgbègbè Maradi, kí wọ́n lè tún máa bí sí i lọ́hùn-ún.

Ẹ má rò pé bí àwọn ará abúlé ṣe gbà yẹn jẹ́ ohun kékeré. Àgùnfọn máa ń jẹ ẹ̀wà inú oko, ó sì máa ń na ọrùn dé orí igi máńgòrò ẹni ẹlẹ́ni. Ta ló máa gbà kí ẹranko jẹ oúnjẹ ọmọ òun lásán? Ohun tó mú kí wọ́n lè fara dà á ni pé àlejò ń wá, àlejò ń san owó ìwọlé, àwọn ọmọ abúlé sì ń rí iṣẹ́ atọ́nà ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ máa sanwó lẹ́nu ọ̀nà, atọ́nà kan á bá yín wọ mọ́tò. Òun ni á máa sọ fún dírẹ́bà pé kó yà sọ́tùn-ún, kó yà sósì, nítorí kò sí ọ̀dà, kò sì sí àmì ojú ọ̀nà nínú igbó. Ó mọ ìgbà tí àgùnfọn ń lọ àti ìgbà tí wọ́n ń bọ̀: nígbà òjò wọ́n máa ń wà lórí ilẹ̀ gíga Kouré, níbi tí igbó ti tò ní ìlà-ìlà bí ara ẹkùn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Dallol Bosso. Tó bá ti rí wọn, á ní kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ rọra. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn sún mọ́ wọn débi pé àwọn ọmọ á máa gbójú sókè bíi pé òrùlé ilé ni wọ́n ń wò.

Mo fa ọ̀rọ̀ náà gùn nítorí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí àwọn tó wà nídìí ìgbafẹ́. Kí ìdílé kan tó lè gbafẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, dírẹ́bà kan ti jí láàárọ̀ kùtù, ó ti wo omi, ó ti wo táyà. Atọ́nà kan ti ń retí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ ìsinmi ẹlòmíràn ni ọjọ́ iṣẹ́ tiwọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ọdún Kòrónà ni 2020, gbogbo wa la rántí bí ara ṣe ń há ènìyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ aṣèrànwọ́ ACTED ti ilẹ̀ Faransé wọ mọ́tò àjọ wọn, ó di Kouré. Ọmọ ilẹ̀ Faransé mẹ́fà ni wọ́n, obìnrin mẹ́rin, ọkùnrin méjì, ọ̀dọ́ sì ni gbogbo wọn. Dírẹ́bà wọn jẹ́ ọmọ Niger, òṣìṣẹ́ ACTED lòun náà. Wọ́n gbé atọ́nà kan ní Kouré, ọmọ Niger lòun náà. Ènìyàn mẹ́jọ nínú mọ́tò kan.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn agbébọn tó gun alùpùpù ká wọn mọ́ inú igbó. Wọ́n pa àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n sì dáná sun mọ́tò. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa bí wọ́n ṣe pa wọ́n, nítorí àwọn ọmọdé wà láàrin wa. Lóṣù Kẹsàn-án, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí Islamic State sọ pé àwọn ló ṣe é.

Ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde sọ pé arìnrìn-àjò afẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé ni wọ́n pa. Ìgbà tó yá ló tó hàn pé òṣìṣẹ́ aṣèrànwọ́ tó ń gbé ìlú yìí ni wọ́n. Kò pẹ́ tí àkọlé ìròyìn fi tò báyìí káàkiri ayé: ọmọ Faransé mẹ́fà. Nísàlẹ̀ rẹ̀ lẹ ó ti wá rí i pé "àti ọmọ Niger méjì, atọ́nà àti awakọ̀ wọn."

Awakọ̀ wọn. Ẹ gbọ́ "wọn" yẹn dáadáa. Bíi pé ara ẹrù tí wọ́n gbé dání ni.

Mo mọ ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi ni. Ilé iṣẹ́ ìròyìn tó wà ní Paris ń bá ará Paris sọ̀rọ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Niger fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun wà lára wọn. Kò sí ìkà nínú ìyẹn. Àwa náà ńkọ́? Tí wọ́n bá ní ọkọ̀ ojú omi rì lókè òkun, ìbéèrè wa àkọ́kọ́ ni pé ṣé ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí akọ̀ròyìn tó wà níbí bá gba àkọlé ará Paris, tó kàn túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Hausa, tàbí Zarma, tàbí Yorùbá, ibi tí wọ́n gbé àwọn méjì yẹn sí lọ́hùn-ún náà ni wọ́n máa wà nínú èdè tiwa, ní ìparí gbólóhùn. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà, mi ò sì tíì jáwọ́.

Ẹ̀yin àgbà lẹ kọ́ wa pé ìtúfọ̀ ní ìlànà. Tí òfò bá ṣẹ̀, wọn kì í pariwo rẹ̀ láàrin ọjà. Àgbà méjì tàbí mẹ́ta á lọ bá ẹbí, wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ ọjà, wọ́n á máa wo ojú ẹni tí wọ́n wá bá, bóyá ó ti jẹun, bóyá ara rẹ̀ lè gbà á. Nígbà tí wọ́n bá sì máa sọ ọ́, orúkọ ni wọ́n á dá, orúkọ olóògbé àti ilé tó ti wá. Mi ò tíì gbọ́ ìtúfọ̀ kan rí nílẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ti ní "lágbájá kú, àti àwọn méjì mìíràn."

Mo rántí ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó gbọ́ ìtàn Kouré lẹ́nu àwọn àgbà. Ó ní, "Àǹtí, àgùnfọn ńkọ́? Ṣé wọ́n yìnbọn fún àgùnfọn náà?" Mo ní rárá, wọ́n ò ṣe nǹkan kan fún àgùnfọn. Ó wá bi mí pé, ta wá ni á máa mú àwọn ènìyàn lọ bá wọn? Ọmọdé yẹn ti béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ò béèrè.

Ìdáhùn rẹ̀ nígbà náà ni pé kò sẹ́ni tó ń mú wọn lọ mọ́. Ìjọba ti igbó náà pa, wọ́n sì kéde òfin pàjáwìrì ní gbogbo àgbègbè Tillabéri, tí Kouré wà lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Faransé kun gbogbo Niger ní pupa lórí àwòrán ilẹ̀ wọn, Niamey nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ ìlú wọn má lọ sí ibi pupa. Ìjọba ò jẹ̀bi, wọ́n gbọ́dọ̀ dáàbò bo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí gbèsè náà já lé lórí. Àwọn àjọ ńlá dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, owó oṣù ò dúró. Atọ́nà ò lówó oṣù. Ọjọ́ tí àlejò ò bá wá, kò sí owó. Àgùnfọn ò sì dáwọ́ ẹ̀wà jíjẹ dúró nítorí pé wọ́n yìnbọn.

Kouré nìkan kọ́

Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà láti dẹ́rù ba ìlú mọ ibi tí ìlú ti ń sinmi. Ẹ rántí pé nílùú Niamey yìí gan-an, lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 7, oṣù Kìíní, ọdún 2011, àwọn agbébọn wọ ilé oúnjẹ Le Toulousain, wọ́n sì jí ọ̀rẹ́ méjì gbé, ọmọ Faransé ni àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń múra ìgbéyàwó, ìyẹn ló mú èkejì wá sí Niamey. Ọjọ́ kejì ni wọ́n kú, nígbà tí àwọn sọ́jà lépa àwọn ajínigbé náà dé apá ààlà Mali. Àwọn jandàrìmù ọmọ Niger náà kú nínú ìlépa yẹn. Ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ bá rí bóyá ó rántí ìyẹn.

Ní Grand-Bassam, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ọjọ́ Àìkú náà ni, ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2016. Ènìyàn ń lúwẹ̀ẹ́ létí òkun, àwọn ìdílé ń jẹun nílé ìtura. Ènìyàn 19 ló kú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kú jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn. Ní ti Bassam, ó kéré tán, ilé ẹjọ́ jókòó: lóṣù Kejìlá ọdún 2022, ilé ẹjọ́ kan ní Abidjan rán ènìyàn 11 lẹ́wọ̀n gbére, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sí níkàlẹ̀.

Mi ò gbọdọ̀ dé àárín yín kí n má dárúkọ Ọ̀wọ̀. Ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Francis. Ó lé ní 40 ènìyàn tó kú, ọmọdé wà nínú wọn. Ọjọ́ tí àwa Yorùbá fúnra wa sọ ní Àìkú. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ ẹni tó mọ ẹnì kan níbẹ̀. Ẹ rántí bí ara yín ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí ìròyìn àgbáyé ń ka iye àwọn tó kú láì dárúkọ ẹnì kankan. Bó ṣe ń rí fún ẹbí dírẹ́bà yẹn nìyẹn.

Àwọn kan tún wà tí wọn ò ní ọjọ́ ìgbafẹ́ rárá. Ọjọ́ 2, oṣù Kìíní, ọdún 2021, ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n pa bíi 100 ènìyàn ní Tchomabangou àti Zaroumdareye, ní àgbègbè Tillabéri kan náà. Lóṣù Kẹta ọdún yẹn, wọ́n dá àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà Banibangou lọ́nà, ènìyàn 58 ló lọ sí i. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 21, wọ́n pa 137 ní àwọn abúlé kan ní àgbègbè Tahoua. Àgbẹ̀, darandaran, àti àwọn tó lọ fa omi ni wọ́n. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi mélòó kan tó wà ní Lọ́ńdọ́nù àti Ìbàdàn léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ikú tó ń pa ará Niger. Kouré ni ẹni mẹ́ta mọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nípa 137 rí.

Tí fóònù bá dún

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹ̀yin òbí, kí n tó jókòó. Ìròyìn Kouré kò dúró de àgbà méjì tàbí mẹ́ta. Fóònù ló mú un wọlé, pẹ̀lú àwòrán mọ́tò tó ń jó. Ẹ fojú inú wò ó: ẹnì kan ń jẹ ẹja létí odò, ọmọ rẹ̀ ń ṣeré nínú yanrìn, fóònù dún, ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. Ọmọ á rí ojú yẹn kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ má fi àwòrán òkú ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí. Ẹbí ẹni tó kú lè wà nínú gúrúùpù kan níbì kan tí wọn ò tíì túfọ̀ fún wọn. Tí ọmọ bá sì béèrè, ẹ dá a lóhùn ní ìwọ̀n tó béèrè mọ. Ẹ má pa á nírọ́ pé kò sí nǹkan kan, ẹ má sì kó gbogbo rẹ̀ lé e lórí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọ nǹkan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá ń gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹni tó wa mọ́tò. Ẹ bi ará abúlé ohun tí wọ́n ń pè é nílé, iye ọmọ tó fi sílẹ̀. Tí ẹbí bá ní ká má dárúkọ rẹ̀, ẹ má dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ mẹ́jọ àti mẹ́fà, mẹ́jọ ni kẹ́ ẹ kọ sí àkọlé. Ènìyàn mẹ́jọ ló kú ní Kouré.

Wọ́n bi mí lẹ́nu ọ̀nà níbí pé ṣé èèyàn lè kó ọmọ lọ wo àgùnfọn báyìí. Ẹ bi àwọn aláṣẹ ìlú kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ sì bi àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Dosso, nítorí àwọn ló ń mọ̀ ṣáájú gbogbo wa. Ní ti àwọn àgùnfọn, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi Dallol Bosso sílẹ̀, wọ́n á sì padà sórí ilẹ̀ gíga.

Bàbá tó wà lẹ́yìn ti na ọwọ́ láti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Ẹ máa wí, sà.